Ìjọ Kristi àti Ẹ̀bi Òwò Ẹrú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bí òwe yìí ti kan ènìyàn kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ó kan ìjọ Kristi. Ìtàn ìlú Douala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, fi èyí hàn.

Ẹ̀bá odò Wouri ni Douala wà. Nígbà tí àwọn Potogí dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1472, odò edé ni wọ́n pè é ní èdè wọn. Nínú orúkọ yìí ni Kamẹrúùnù ti jáde. Kí wọn tó dé rárá, Póòpù Nicholas Karùn-ún ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ọba wọn ní ọdún 1452 àti 1455, ó sì fún un láṣẹ láti máa kó àwọn abọ̀rìṣà lẹ́rú. Láti odò Wouri kan náà ni a sì ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn ré òkun kọjá. Síbẹ̀, nígbà tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi mú ìhìnrere dé Douala ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Joseph Jackson Fuller, tí a bí sóko ẹrú ní Jàmáíkà, wà lára àwọn òjíṣẹ́ wọn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, Póòpù John Paul Kejì wá sí Kamẹrúùnù. Ní Yaoundé, ní ọjọ́ 13 oṣù náà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà nítorí ìyà òwò ẹrú. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè onígbàgbọ́ ni ó dá lẹ́bi, kò dárúkọ ìwé Nicholas. Ó di ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2023, lẹ́yìn ọdún 37 ó lé, kí Ìjọ Àgùdà tó dárúkọ àwọn ìwé náà, kí ó sì gbà pé wọn kò bu ọlá tí ó yẹ fún àwọn onílẹ̀.

Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1890 àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó gba àṣẹ lọ́wọ́ arúgbó náà, wọ́n sì lé púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní Canterbury, ní oṣù kẹfà ọdún 2014, Justin Welby, tí ó jẹ́ olórí ìjọ náà nígbà náà, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yìí, ó sì tọrọ àforíjì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àwọn olùtọ́jú owó ìjọ náà ṣèlérí £100,000,000, nítorí wọ́n rí i pé owó ìjọ ìgbà àtijọ́ wà nínú ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń ta ẹrú.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé ìkúnlẹ̀ nìkan kò tó. Ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, kí ó sì ná ohun kan sí àtúnṣe rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ìtàn òwò ẹrú, kí ó fi ìwé ọdún 1452 hàn án, kí ó tó fi ọ̀rọ̀ ọdún 1985 hàn án. Ẹni tí kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ kò lè mọ ìwọ̀n àforíjì.