Afárá Ni Òkè Wa

Láti Yaba dé Sùúrùlérè, ilẹ̀ tẹ́jú fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Afárá ni òkè wa. Ní 1901 ni wọ́n ṣí Afárá Carter, tó so Ìddó mọ́ Erékùṣù Èkó. Ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti tíráàmù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1902, jọ ń gba orí rẹ̀ kí mọ́tò tó pọ̀ nílùú. Ní 1990 ni wọ́n parí Third Mainland, afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8, ṣùgbọ́n kò sí ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kankan níbẹ̀. Ní báyìí tí ìjọba ń sọ̀rọ̀ afárá kẹrin, ẹ jẹ́ ká tètè bi wọ́n: àwa tí kò ní mọ́tò ńkọ́?