Herbert Macaulay: Ta Ni A Fi Orúkọ Rẹ̀ Sọ Títì Yìí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ni ó rí fún títì àti ibi okòwò. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé Àbújá ni ó ń gba Herbert Macaulay Way lọ síbi iṣẹ́, ní àárín gbùngbùn okòwò ìlú, níbi tí olú ilé iṣẹ́ NNPC wà. Ní Yábàá, l'Ékòó, lórí títì mìíràn tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ni Co-Creation Hub ti bẹ̀rẹ̀ ní 2011, tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi sọ àdúgbò náà di ojúkò òwò ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ọmọ wa pé ta ni Macaulay, kí ni wọn yóò sọ?

Èkó ni a bí i sí ní 1864. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni ó bí ìyá rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Plymouth, ó padà dé ní 1893, ó sì ń bá ìjọba wọn ilẹ̀ títí ó fi kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Àpápá, tí wọn kò fẹ́ san owó tí ó tọ́ sí onílẹ̀, Macaulay bá Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921, ilé ẹjọ́ Privy Council dá wọn láre: àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀, gbà-máà-bínú kò sì lè rọ́pò owó onílẹ̀. Lórí ilẹ̀ Àpápá yìí ni èbúté ńlá wà lónìí.

Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, ó sì di ààrẹ NCNC ní 1944. Ní 1946, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ń rin ìrìn àjò káàkiri láti tako òfin Richards. Kánò ni àìsàn ti kì í mọ́lẹ̀. Ó kú sí Èkó ní 7 May 1946. Òkè Ọya tí àwa náà ń gbé yìí ni ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Náírà 1 tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ kò ra nǹkan kan mọ́ lọ́jà. Orúkọ títì ni ó kù. Bí a kò bá sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa nílé, àdírẹ́sì lásán ni wọn yóò máa pè é. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́, kí ó rántí pé ẹnìkan ti jà kí ẹ̀tọ́ onílẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.