Àdúgbò tí wọ́n ní kí àlejò má wọ̀

Ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ bá gbé wá sí Savalou tàbí sí Bantè, ì báà ṣe olùkọ́, ì báà ṣe nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, ohun mẹ́ta ni àwọn onílé máa ń tètè fi hàn án: ibi tí omi wà, ibi tí ọjà wà, àti àdúgbò tí kò gbọdọ̀ gba yàrá sí. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀kẹta yìí, ohùn a máa lọ sílẹ̀. Wọn a ní: «Ẹ má ṣe dé ẹ̀yìn gáréèjì bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ má gba ọ̀nà zongo. Àwọn àlejò ni wọ́n pọ̀ níbẹ̀, a kò mọ ibi tí wọ́n ti wá.» Àwa olùkọ́, tí ìjọba ń ṣí nípò láti ìlú kan dé òmíràn, ti gbọ́ ìkìlọ̀ yìí títí ó fi mọ́ wa létí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a tún un gbọ́. Àlejò ni a ń bá sọ̀rọ̀, ohun tí a sì ń sọ fún un ni pé kí ó sá fún ibi tí àlejò wà. Ìkìlọ̀ náà lè gba ènìyàn lọ́wọ́ olè, a kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ó bo ìtàn kan mọ́lẹ̀, ìtàn náà ni a sì fẹ́ hú jáde níhìn-ín: pé àdúgbò tí a ń bẹ̀rù ni ìlú fi ń gba ènìyàn wọlé láti ọjọ́ pípẹ́, àti pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa onílé òní, irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa gbà wọlé.

Orí ọ̀rọ̀ náà gan-an ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Èdè Haúsá ni ó bí «zongo». Zango ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibi tí àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tó tún gbéra. Kí àwọn Faransé tó dé, ọ̀nà òwò ńlá kan ń gba àríwá ilẹ̀ wa kọjá. Láti Gonja, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, níbi tí ọjà Salaga ti lókìkí, ni wọ́n ti ń ru obì wá. Wọ́n ń gba Djougou kọjá lọ sí Nikki, wọ́n ń sọdá odò Ọya, títí wọ́n fi dé ilẹ̀ Haúsá. Bí wọ́n bá ń bọ̀, wọn a kó aṣọ, awọ àti kán-ún wá. Wọn a sì kó ẹrú pẹ̀lú, nítorí ìtàn kì í ṣe ohun tí a ń yọ ẹ̀gún rẹ̀ sọnù. Àmì òwò náà ṣì wà lẹ́nu wa. Obì tí a ń pè ní gbànja, orúkọ Gonja ni ó ń jẹ́. Àlùbọ́sà tí àwọn ìyá wa ń gé sínú ọbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti gba orúkọ rẹ̀.

Kí ni ó wá mú kí zongo máa wà ní ẹ̀yìn ìlú? Kì í ṣe ẹ̀gàn. Ẹgbẹ́ oníṣòwò tí ó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti màlúù ń fẹ́ koríko àti omi, ó sì lè dé ní ọ̀gànjọ́ òru, nígbà tí a ti ti ẹnubodè. Ọba ń fẹ́ mọ ẹni tí ó wọ ilẹ̀ rẹ̀ kí ó lè gba owó ibodè. Ó sì ń fẹ́ kí àwọn ará ìlú sùn kí ọkàn wọn balẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún àlejò ní ilẹ̀ níbi tí kò jìnnà sí ọjà, tí kò sì sún mọ́ ààfin. Àdéhùn ni jíjìnnà náà. Onílé mọ ààlà tirẹ̀, àlejò mọ tirẹ̀.

Òpó tí ó gbé zongo dúró ni baálé tí ń gba àlejò. Òun ni ó ń fún oníṣòwò ní yàrá, tí ó ń tọ́jú ẹrù rẹ̀, tí ó ń ṣe ògbufọ̀ fún un lọ́jà, tí ó sì ń dúró fún un bí ó bá ra ọjà láwìn. Bí àlejò bá sá lọ, ọrùn baálé ni gbèsè yóò wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ètò yìí ṣe lágbára tó, kí ó wo Sábó ní Ìbàdàn, tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá ní 1916. Òwò obì tí ń lọ sí àríwá àti òwò màlúù tí ń bọ̀ ní gúúsù, ọwọ́ àwọn baálé Sábó ni ó ń gbà kọjá, orí ọ̀rọ̀ ẹnu àti orúkọ rere ni wọ́n sì gbé e lé. Ìfọkàntán ni ìpìlẹ̀ irú àdúgbò tí a ń pè ní ilé olè lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ta ni onílé ní Savalou? Ìtàn ìdílé ọba sọ pé ẹ̀bá adágún Ahémé, ní gúúsù, ni Soha tí ó tẹ ìjọba náà dó ti wá. Gbaguidi ni orúkọ oyè tí àwọn ọba ìran rẹ̀ ń jẹ́ títí di òní. Ìtàn kan náà kò fi pamọ́ pé ó bá ènìyàn lórí ilẹ̀ náà. Àwọn Ìtṣà ní Bantè ńkọ́? Àwọn Ifẹ̀ ní Tchetti ńkọ́? Ìlà-oòrùn, ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá, ni àwọn àgbà wọn ń nawọ́ sí bí a bá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ogun àwọn ọba Àgbómẹ̀ dé, tí ó tú ọ̀pọ̀ ilé ká, tí ó sì lé àwọn ènìyàn gun orí àwọn òkè tí a fi ń pe ẹ̀ka ilẹ̀ wa ní Collines. Ẹni tí ó sá wá, ẹni tí ó ṣí wá, ẹni tí ó ṣẹ́gun wá: àwọn ni wọ́n para pọ̀ di ìlú. Kò sí agbo ilé kan nínú wa tí oríkì rẹ̀ kò ní ibì kan tí ó ti wá. Ohun tí ó wà láàárín onílé àti àlejò kò ju iye ọdún lọ.

Báwo wá ni ilé ìfọkàntán ṣe di ilé ìbẹ̀rù? Ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ yí padà. Àwọn òyìnbó pín ilẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì ní ọwọ́ kan, Jámánì ní ọwọ́ kejì, Faransé láàárín. Ọ̀nà obì àtijọ́ wá kún fún ààlà àti àwọn aṣọ́bodè. Ojú irin tí wọ́n là láti Kútọnu gba Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou. Kò yà sí Savalou, kò sì yà sí Bantè. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó wá di ẹsẹ̀ wa. Títí di òní, títì tí ó ti Ìdáàṣà wá, tí ó gba Savalou, Bantè àti Djougou lọ sí Natitingou àti Porga, ní ààlà Bùrkínà Fasò, ni ó gbé ìlú méjèèjì ró.

Ọkọ̀ akẹ́rù kò sì dà bí ẹgbẹ́ oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹgbẹ́ oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ a máa sinmi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, baálé a sì mọ olúkúlùkù lórúkọ. Awakọ̀ a sùn fún wákàtí mẹ́rin lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, a sì ti lọ kí àkùkọ tó kọ. Nígbà tí kajú bá ń wọ ọjà, àwọn tí ń rà á àti àwọn tí ń ru àpò rẹ̀ a dé láti ọ̀nà jíjìn. Bí ìgbà rẹ̀ bá kọjá, a kò ní rí wọn mọ́. Baálé tí ì bá dúró fún wọn kò mọ ojú wọn.

Lẹ́yìn ọ̀nà, ilẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fún àlejò ní àtijọ́, à-ń-lò ni, kì í ṣe à-tà. Nígbà tí ìwé wá di ẹ̀rí ẹni tí ó ni ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n lè ní kí ó kúrò kì í gbé síméńtì lé ilẹ̀. Amọ̀ àti páànù ni yóò fi kọ́lé. Bí iná mànàmáná àti gọ́tà bá sì ń bọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ní ìwé ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí. Òkùnkùn bí olè, olè bí ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àdúgbò náà bẹ̀bẹ̀ fún iná.

A kò sọ pé ewu kò sí. Sódábì wà níbẹ̀, oògùn tramadol tí ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń ka owó lójú títì lóru yóò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni olè ń kọ́kọ́ jà? Ìyá tí ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ni, àti ọlọ́kadà tí kò rí ibi gbé alùpùpù rẹ̀ pamọ́ sí. Àwọn tí a ń bẹ̀rù wọn ni ìbẹ̀rù ń bá gbélé.

Ìbẹ̀rù yìí kì í sì í parí sí ẹnu. Nígbà mìíràn, ó máa ń di òfin. Ní 1977, ìjọba Tógò kó zongo kúrò láàárín ìlú Lomé lọ sí Togblékopé, lẹ́yìn ìlú. Ní Gánà, ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílẹ̀. Yorùbá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó di ẹrù nígbà náà, àwọn tí ó ti ń tajà láti ìran dé ìran ní Kumasi àti ní Tamale. Ẹ kíyè sí i: nínú zongo ìlú ẹlòmíràn, àwa Yorùbá ni «àwọn tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti wá».

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún gbogbo ọmọ Bẹ̀nẹ̀, láti ìgbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmì. Ní 1958, wọ́n kọlu àwọn ará Dàhòmì àti Tógò ní Abidjan, ọ̀pọ̀ sì fi ọwọ́ òfo padà wálé. Ní ìparí 1963, ilẹ̀ Nìjẹ́ẹ̀ lé wọn. Ní 1978, ó kan Gàbọ́ọ̀nù. Ní oṣù kìíní 1983, Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé. Àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn tiwa náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó padà sílé àti ẹni tí wọ́n lé padà. Ó yẹ kí ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ àlejò.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn wá jù kò sí nínú ìwé ìtàn. Ní ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, a máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kékeré kan kí wọ́n kọ orúkọ òbí àti àdúgbò wọn sí i. A ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń wo ìwé ẹni tí ó jókòó tì wọ́n, tí wọ́n sì ń kọ àdúgbò onítọ̀hún sílẹ̀ dípò tiwọn. Ọmọ ọdún méjìlá ti mọ̀ pé orúkọ ibi tí wọ́n bí òun sí lè ṣe òun ní ibi. Bàbá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ń sọ èdè mẹ́rin, tí ó mọ iye tí obì ń lọ ní Parakou àti iye tí màlúù ń lọ ní Djougou. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé tí a fi ń kọ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò ní bi bàbá rẹ̀ léèrè nítorí pé ojú ń tì í.

Ojú àlejò kò fi ríran, ni àwọn àgbà wí. Nítorí náà ni a kò ṣe sọ fún olùkọ́ tuntun pé kí ó máa rìn kiri lóru. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó lọ ní ọ̀sán. Kí ó kọ́kọ́ kí olórí àdúgbò, kí ó kí ìmáàmù bí mọ́sáláṣí bá wà níbẹ̀. Kí ó jókòó, kí ó ra nǹkan, kí ó sì béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ àti ẹni tí ó fún un ní ilẹ̀. Ìbéèrè méjì yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì rí àgbà tí inú rẹ̀ kò dùn láti dáhùn wọn.

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú ní iṣẹ́ láti ṣe. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, Savalou ń ṣe ọdún iṣu, a sì máa ń fi ayọ̀ kí àlejò láti ibi gbogbo. Kí ọdún mìíràn tó dé, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa lọ sí àdúgbò kan tí wọ́n kìlọ̀ fún un pé kí ó má dé, kí ó kọ orúkọ àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí. Àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ wọ̀nyẹn kò pọ̀ mọ́. Bí a bá tẹ ìtàn náà jáde, tí a sì kà á nínú kíláàsì, bóyá ọmọ kan yóò lè kọ «Zongo» sórí ìwé rẹ̀ láìwo ti ẹni tí ó jókòó tì í.