Ẹ̀sìn Inú Ayé Àròsọ: Bí Àwọn Onígéèmù Ṣe Ń Dá a Sílẹ̀

Dídá ẹ̀sìn sílẹ̀ wà lára iṣẹ́ àwọn tó ń ṣẹ̀dá ayé fún géèmù orí tábìlì, irú èyí tí ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó sí, tí oníkálùkù á gbé ìwà ẹnì kan tí kò sí láyé wọ̀, tí atọ́kùn eré á sì máa ròyìn ìlú, ọjà, igbó àti òrìṣà tí wọ́n ń bá pàdé. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀run. Wọ́n á to orúkọ òrìṣà méjìlá, wọ́n á fún ọ̀kan ní iná, wọ́n á fún òmíràn ní òkun, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Ilẹ̀ ni ẹ̀sìn tó bá máa jọ òótọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó ń bọ òrìṣà: kí ló ń jẹ, kí ni kò gbọdọ̀ fẹnu kàn, ta ló ń kúnlẹ̀ kí, èló ló ń mú wá sójúbọ, kí ni yóò sì pàdánù bó bá da májẹ̀mú.

Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, àlùfáà wà lára irú ènìyàn tí òṣèré lè mú. Ó ń wo ọgbẹ́ sàn, ó ń lé òkú tó jí rìn, ṣùgbọ́n ìwé náà kò dárúkọ òrìṣà tó ń sìn. Ọdún 1976 ni Robert Kuntz àti James Ward kó òrìṣà Gíríìsì, Íjíbítì àti ti ọ̀pọ̀ ibòmíràn jọ sínú ìwé kan. Ohun tó jẹ ìwé yẹn lógún jù ni iye ọgbẹ́ tí òrìṣà kọ̀ọ̀kan lè gbà kó tó kú, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn ẹranko abàmì. Deities & Demigods ti ọdún 1980 fẹ̀ jù ú lọ, òrìṣà Íńdíà, Ṣáínà àti Japan sì wà nínú rẹ̀; láti ilẹ̀ Áfíríkà, ti Íjíbítì nìkan ló wà níbẹ̀. Àdánù gbáà ni. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn olùbọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, ìtàn ọjọ́ tí ẹmu pa òrìṣà náà lẹ́nu iṣẹ́ ìdáyé ló sì wà lẹ́yìn èèwọ̀ náà. Bí ìtàn òkè ọ̀run ṣe ń dé ẹnu akèrègbè lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ òrìṣà, ohun tí àwọn ìwé ìgbà yẹn ṣaláìní gan-an nìyẹn.

Lójú tèmi, Greg Stafford ló ṣe é tó yọrí. Ọdún 1966 ló ti ń kọ ìtàn nípa ayé kan tó pè ní Glorantha. Ó dá ilé iṣẹ́ Chaosium sílẹ̀ lọ́dún 1975, géèmù RuneQuest tó ń lo ayé náà sì jáde lọ́dún 1978. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti Steve Perrin gbé Cults of Prax jáde. Ìwé yìí mú àwọn ẹgbẹ́ awo lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ìtàn òrìṣà wọn, ẹni tó lè wọlé, ìdámẹ́wàá tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san àti oyè tó lè jẹ. Láàárín wọn ni ìròyìn Biturian Varosh wà, oníṣòwò kan tó ń ná ọjà kiri ilẹ̀ Prax, tó ń bá àwọn olùbọ òrìṣà wọ̀nyí pàdé lójú ọ̀nà. Ìwà wọn lòǹkàwé fi ń mọ ẹ̀sìn wọn.

Ẹ wo Chalana Arroy, òrìṣà ìwòsàn. Ẹni tó bá fẹ́ sìn ín á búra pé òun kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ká wá sọ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọ̀tá kan, tí wọ́n fẹ́ dúńbú rẹ̀ kó má baà lọ tú wọn fó. Oníṣègùn yìí gbọ́dọ̀ dìde sí wọn, láìní idà lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Humakt ní tirẹ̀ ni òrìṣà ikú àti idà. Nínú ayé tí idán ti lè jí òkú dìde, ọmọ Humakt kì í gbà kí wọ́n jí òun. Òrìṣà á fún un lẹ́bùn, á sì fi èèwọ̀ dè é, bí ẹ̀bùn bá ṣe ń pọ̀ ni èèwọ̀ ń pọ̀. Ó kú, ó kú nìyẹn. Gbogbo ẹni tó yí tábìlì ká ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fa idà yọ, ojú tí wọ́n fi ń wo ìjà á sì yí padà.

Stafford tún mọ̀ pé àwọn ẹlẹ́sìn kì í sọ ìtàn kan náà bákan náà. Orlanth, ọba ìjì, pa Yelm, ọba oòrùn, òkùnkùn sì bo ayé títí Orlanth fi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ipò òkú láti lọ mú un padà. Akin tó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe ni lójú àwọn tó ń bọ ọ́. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Yelm, ọlọ̀tẹ̀ ni, apànìyàn ni. Kò sẹ́ni tó dá ẹjọ́ náà fún òṣèré. Géèmù kọ̀ǹpútà King of Dragon Pass, tó jáde lọ́dún 1999, sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ di iṣẹ́: ìdílé á yan aṣojú kan, á wọnú ìtàn òrìṣà, á máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Òṣèré gbọ́dọ̀ ti ka ìtàn yẹn kó sì rántí rẹ̀. Bó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, aṣojú lè fara gbọgbẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ bóyá òrìṣà ń dáhùn. Nínú ayé Dragonlance, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984, àwọn òrìṣà ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí àlùfáà tó lè wo ọgbẹ́ sàn títí wọ́n fi padà dé. Keith Baker lọ jìnnà ju ìyẹn lọ nínú Eberron. Ayé yìí ló gbégbá orókè nínú ìdíje ṣíṣẹ̀dá ayé géèmù ti ọdún 2002 tí ìwé tó lé ní 11,000 wọlé sí, ó sì jáde lọ́dún 2004. Òrìṣà ibẹ̀ kì í rìn láàárín ènìyàn, àlùfáà oníwà ìbàjẹ́ sì lè máa ṣe iṣẹ́ ìyanu lọ. Ìjọ Silver Flame, tó ń dáàbò bo aráyé lọ́wọ́ ẹ̀mí èṣù, ti fìgbà kan ṣọdẹ àwọn tó ń di ẹranko, ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ sì bá a lọ. Ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Jaela Daran ni olórí ìjọ náà báyìí, àwọn àgbà àlùfáà sì yí i ká. Òṣèré tó bá mú àlùfáà kékeré nínú ìjọ yẹn, tó rí i pé ọ̀gá òun ń kó owó ìjọ jẹ, kò lè jókòó máa retí àrá láti ọ̀run. Ó ní láti wá ẹni tí yóò fẹjọ́ sùn, kó sì mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ gbọ́.