Nígbà Tí Wọ́n Gbé Ìbọn Sílẹ̀ Láti Ka Ẹyẹ

Láyé ọjọ́sí, ìdíje ọdẹ wà lára fàájì Kérésì láwọn ibì kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn á pín ara wọn sí ọ̀wọ́ méjì, wọ́n á gbé ìbọn wọgbó, wọ́n á máa yìn ín fún ẹyẹ àti ẹran tójú wọn bá ti rí. Ọ̀wọ́ tí òkìtì òkú ẹran rẹ̀ bá ga jù ló borí.

Frank Chapman, olóòtú ìwé ìròyìn Bird-Lore, ló ní ká ka ẹyẹ dípò ká pa á. Lọ́jọ́ Kérésì ọdún 1900, èèyàn 27 péré ló dá a lóhùn, ní ibi 25, láti Toronto títí dé California. Nǹkan bí ẹyẹ 18,500 ni wọ́n kà. Ọdọọdún ni wọ́n ṣì ń kà á títí dòní.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹyẹ ti máa ń ṣí lọ sílẹ̀ tó móoru kí Kérésì tó dé. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń padà wá kọ́ ìtẹ́, tí akọ wọn ń kọrin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kà wọ́n lásìkò ìrúwé jákèjádò ilẹ̀ náà, oògùn apakòkòrò DDT ló sì mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, wọ́n ń fín in sára igi. Ewé igi bọ́ sílẹ̀, ekòló jẹ ewé, ẹyẹ robin aláyà pupa jẹ ekòló, robin ń kú. Obìnrin kan kọ̀wé sí Chandler Robbins, onímọ̀ ẹyẹ ní Maryland: ṣé ibi gbogbo ni robin ti ń kú báyìí? Robbins kò rí èsì fún un. Ìbéèrè yẹn ló bí ètò kíka ẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1966.

Nínú ètò yìí, olùyọ̀ǹda ara ẹni á ti dúró lójú títì ní ààbọ̀ wákàtí kí oòrùn tó yọ. Á bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, á rọra pa ilẹ̀kùn dé, á tẹ́tí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Etí ló ń ṣiṣẹ́ jù, torí ewé ti bo ẹyẹ. Lẹ́yìn náà, á wakọ̀ ìdajì máìlì, á tún dúró, títí yóò fi dúró nígbà 50. Lójú tèmi, ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ni adùn rẹ̀ wà: èèyàn á dákẹ́ jẹ́ẹ́, orin yóò máa jáde láti inú igbó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún 2019, irú àkọsílẹ̀ báyìí wà lára ohun tó fi hàn pé ẹyẹ Amẹ́ríkà àti Kánádà ti fi nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dín láti ọdún 1970. Ẹyẹ pápá koríko ti dín ju ìdajì lọ. Ẹyẹ àbàtà, bíi pẹ́pẹ́yẹ igbó, ló pọ̀ sí i láàárín ìgbà náà. Owó ìwé àṣẹ tí àwọn ọdẹ ń san sì wà lára ohun tí wọ́n fi ra àbàtà náà pa mọ́.