Ooru Láìsí Ọwọ́ Iná: Láti Ọ̀dọ̀ Ọmọ Alágbẹ̀dẹ dé Ilé-iṣẹ́ Òde Òní



Bí a bá dárúkọ alágbẹ̀dẹ, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn ni ẹwìrì, èédú àti ọmọ owú. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ẹni tí yóò mú irin gbóná gbọ́dọ̀ fi iná kàn án. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń mú irin gbóná láìsí èédú, láìsí ọwọ́ iná, láìsí pé ohunkóhun fara kan irin náà. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ jẹ́ kí a tọ ìtàn náà láti orísun rẹ̀.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Michael Faraday, tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1791. Iṣẹ́ dídi ìwé ni òun fúnra rẹ̀ kọ́, ó sì ń ka àwọn ìwé tí wọ́n gbé wá fún dídì. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, ọdún 1831, ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù, ó we wáyà bàbà méjì mọ́ òrùka irin kan, ọ̀kan lápá kìíní, èkejì lápá kejì. Nígbà tí ó so wáyà kìíní mọ́ bátìrì, abẹ́rẹ́ òòfà tí wáyà kejì ń darí mì. Nígbà tí ó tú u, abẹ́rẹ́ tún mì. Ṣùgbọ́n bí iná ti ń ṣàn láìyípadà, abẹ́rẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Ó hàn gbangba pé ìyípadà agbára òòfà ni ó ń bí iná mànàmáná nínú wáyà kejì.

Ní ọdún 1855, Léon Foucault, ọmọ ilẹ̀ Faransé, yí àwo bàbà kan láàárín ẹnu òòfà, ó sì rí i pé àwo náà ń gbóná. Iná mànàmáná ń yí po nínú ara àwo náà bí ààjà, bàbà ń dènà rẹ̀, ìdènà yìí sì ń di ooru. Fún ìgbà pípẹ́, òfò ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ka ooru yìí sí. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi irin pẹlẹbẹ tínínrín tò sínú tiransifọ́mà, kí ooru náà lè dínkù.

Ohun tí ẹnìkan ń sá fún ni ẹlòmíràn ń wá. Ní ọdún 1900, F. A. Kjellin fi ooru yìí yọ́ irin ní Gysinge, lórílẹ̀-èdè Sweden. Ní nǹkan bí ọdún 1916, Edwin Northrup ní Princeton, ní Amẹ́ríkà, ṣe ààrò tí iná rẹ̀ ń yí padà kánkán gan-an. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì (1939 sí 1945), lílò rẹ̀ gbilẹ̀ fún mímú ojú irin ọkọ̀ àti ẹ̀rọ le. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé ìdí iṣẹ́ lílẹ irin pọ̀.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ iṣẹ́ jórinjórin. Bí a bá jó irin, irin méjèèjì ni ó ń yọ́. Bí a bá fi òjé lẹ̀ ẹ́, òjé nìkan ni ó ń yọ́. Àdàlú àtijọ́, tánganran ìdá 63 àti òjé ìdá 37 nínú 100, ń yọ́ ní ìwọ̀n 183 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òṣìṣẹ́ yóò fi òjé yí oríkèé náà ká, yóò gbé e sáàárín wáyà bàbà oníhò tí omi tútù ń gba inú rẹ̀ kọjá, yóò sì tan iná. Inú irin fúnra rẹ̀ ni ooru ti ń jáde. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́: àlàfo tóóró tí ó wà láàárín irin méjèèjì ni òjé yíyọ́ ń gbà wọlé. Níwọ̀n bí a ti lè díwọ̀n iná náà, oríkèé kìíní àti ti ẹgbẹ̀rún yóò gba iye ooru kan náà.

Ní ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa. Kí òjé tó lè mú irin dáadáa, a máa ń fi ohun tí a rí lára oje igi páìnì pa ojú irin náà. Òjé àti oje: àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Májèlé sì ni òjé, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìdí nìyí tí òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti ọjọ́ kìíní, oṣù Keje, ọdún 2006, fi lé e kúrò nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́. Tánganran, fàdákà díẹ̀ àti bàbà díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Èyí ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 217, nítorí náà ó gba ooru púpọ̀ sí i àti ìṣọ́ra púpọ̀ sí i.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ó bá ń kọ ìlànà iṣẹ́ yìí ní Yorùbá láìfi àmì sí i, báwo ni ọmọ iṣẹ́ yóò ṣe mọ èyí tí í ṣe oje igi àti èyí tí í ṣe májèlé? Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa fi í sí i.