Bí ọkọ̀ oníná kò bá dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ̀ mọ́: Ohun tí ẹ ó yẹ̀wò kí ẹ tó náwó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó fi ìmọ̀ kọ́ ọmọ ènìyàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ọkọ̀ tí ń lo iná mànàmáná dípò epo bẹntiróòlù ti wọ ilé ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa, pàápàá àwọn tí ń gbé ní ìlú Ọba. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni òfin owó èéfín ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ULEZ ti kárí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá ju ìwọ̀n lọ ń san £12.50 ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá rìn níbẹ̀. Ọkọ̀ oníná kò sí lára àwọn tí ń san án.

Ìṣòro kan wà tí ó máa ń dẹ́rù ba àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọkọ̀ yìí. Ẹni náà yóò dé ìdí ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Nígbà mìíràn ilẹ̀kùn á ṣí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á kọ ọ́ sí ojú dáṣíbọọ̀dù pé òun kò rí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ á gbà pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti bàjẹ́. Mẹkáníìkì tí kò mọ ọkọ̀ oníná á sì ní kí wọ́n lọ pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó lè jẹ́ bátìrì kékeré kan tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ ni ó kú. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ìdí nìyí tí a fi to ohun tí ẹ ó yẹ̀wò sísàlẹ̀ yìí, láti orí èyí tí kò gba kọ́bọ̀ títí dé èyí tí ó gba owó gidi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀lé e ní ẹsẹẹsẹ.

Bí ọkọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ṣe ń dá ara wọn mọ̀

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ìgbàlódé kì í ṣe irin lásán, rédíò kékeré ni. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tàbí tí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan ọkọ̀, ọkọ̀ á ju ìgbì rédíò kan síta tí kì í rìn jìnnà. Kọ́kọ́rọ́ á gbọ́ ọ, á sì fi nọ́ńbà àṣírí dáhùn.

Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá sálámọ̀ sí ẹnì kejì. Ẹni tí ó sálámọ̀ gbọ́dọ̀ ní ohùn, ẹni tí a sálámọ̀ sí gbọ́dọ̀ lè dáhùn, kò gbọdọ̀ sí ariwo láàrin wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ ara wọn. Nítorí náà, bí ọkọ̀ kò bá dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin ni ó sábà máa ń fà á: ariwo wà láàrin wọn; kọ́kọ́rọ́ kò ní agbára láti dáhùn; ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní agbára láti sálámọ̀; tàbí kí wọ́n má mọ ara wọn mọ́.

1. Ẹ mú ariwo kúrò

Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára fóònù, kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ tàbí ṣájà. Ẹ má ṣe fi sínú àpò kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mìíràn. Bí ohun kan bá wà tí ẹ kì bọ ihò ìtanná sìgá nínú ọkọ̀, ẹ yọ ọ́. Àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sínú àpò tí inú rẹ̀ jẹ́ irin kí olè má baà jí ìgbì rẹ̀ gbé. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kọ́kọ́rọ́ kò lè dáhùn láti inú rẹ̀. Bí òpó ńlá ilé-iṣẹ́ rédíò bá wà nítòsí, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ súnmọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn gan-an kí ẹ tó gbìyànjú.

Àwọn kọ́kọ́rọ́ kan tún máa ń sùn bí wọ́n bá wà lójú kan láìmìra. Ẹ mì í díẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá fọ̀ mọ́ jalamíà, ẹ tú u, ẹ yọ bátìrì rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa.

2. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ kejì wá

Àyẹ̀wò yìí kò gba owó, ó sì ń sọ òótọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ kejì bá ṣiṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ ni ó ní àléébù, ọkọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Bí méjèèjì bá kọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọkọ̀ ni. Ẹ tún wo iná inú ọkọ̀. Bí kò bá tàn rárá tàbí tí ó ń ṣẹ́jú, ẹ kọjá sí ìpele kẹrin.

3. Bátìrì inú kọ́kọ́rọ́

Bátìrì pẹlẹbẹ tí ó rí bí owó ẹyọ ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni CR2032. Nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀: 20 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 32 sì ni nínípọn rẹ̀, ìyẹn mìlímítà 3.2. CR2025 fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n mìlímítà 2.5 ni ó nípọn. Fóòtì 3 ni agbára àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ẹ má fi ọ̀kan dípò èkejì. Nọ́ńbà tí ẹ bá bá lára ti àtijọ́ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì kíyè sí ẹ̀gbẹ́ tí àmì + kọjú sí kí ẹ tó yọ ọ́. Àwọn tí ń tún aago ṣe sábà máa ń ní in.

Bí ẹ kò bá rí òmíràn rà lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà àbáyọ ṣì wà. Nínú ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí, irin kékeré kan wà tí a fi pamọ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ tàbí tí wọ́n ti ń fà á yọ. Ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ọkọ̀ mìíràn wọ́n fi ìdérí bo ihò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í han, ẹ má bẹ̀rù. Bí ó bá ti mọ kọ́kọ́rọ́ á dákẹ́.

Láti tan ọkọ̀: nínú Nissan Leaf, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan bọ́tìnnì ìtanná. Bí ó bá ti dún, ẹ tẹ bọ́tìnnì náà kí ìṣẹ́jú-àáyá 10 tó pé. Nínú Hyundai Kona, kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ni ẹ ó fi tẹ bọ́tìnnì náà. Ohun tí ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni pé ẹ̀yà tín-ín-rín kan wà nínú kọ́kọ́rọ́ tí ó ń fa agbára láti ara ọkọ̀ bí ó bá súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Kò nílò bátìrì.

Ìkìlọ̀ fún àwọn òbí: ẹ má ṣe fi bátìrì yìí, tuntun tàbí èyí tí ó ti kú, sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàrin wákàtí 2. Ẹ má ṣe mú kí ọmọ náà bì, ẹ má sì dúró wò ó bóyá á yà á mọ́ ìgbẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

4. Bátìrì fóòtì 12

Ibí ni ó ti ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Wọ́n á ní, “Ṣebí bátìrì ọkọ̀ yìí ṣì kún, báwo ni ó ṣe lè jẹ́ bátìrì?” Bátìrì méjì ni ó wà nínú ọkọ̀ oníná. Èyí tí ó tóbi ni ó ń yí táyà. Ti Nissan Leaf àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi fóòtì 360. Èkejì jẹ́ fóòtì 12 bíi ti ọkọ̀ bẹntiróòlù, òun ni ó ń gbé ilẹ̀kùn, iná, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ohùn kọ́kọ́rọ́ ró. Bí kékeré yìí bá kú, ńlá lè kún dẹ́nu, ọkọ̀ kò ní jí.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní títàn tàbí tí ó ń gba iná ni bátìrì ńlá sábà máa ń bọ́ kékeré. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bóyá ó lọ Hájì tàbí Úmúrà, tàbí ó wálé wá kí àwọn òbí, lè padà bá a ní kíkú.

Ẹ fi irin inú kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ó wà nínú Leaf àti Kona. Bí réwáyà bá fi mítà wò ó, èyí tí ó kún máa ń wà ní nǹkan bíi fóòtì 12.6, bí ó bá ti wálẹ̀ ju 12 lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́. Wọ́n lè fi bátìrì fóòtì 12 mìíràn jọ́mpù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ ṣe là á sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti tàn, bátìrì ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í kún un. Bí ó bá tún kú láìpẹ́, ẹ ra tuntun.

Ohun méjì ni ẹ kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ó nípọn, iná tí ó lè pa ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì fi ọkọ̀ oníná jọ́mpù ọkọ̀ ẹlòmíràn àfi bí ìwé rẹ̀ bá gbà á láàyè.

5. Ọkọ̀ tí fóònù jẹ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Tesla Model 3 àti Model Y ń lo fóònù àti káàdì. Bluetooth ni fóònù fi ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí náà kò nílò dátà láti ṣílẹ̀kùn. Ẹ wò ó bóyá Bluetooth wà ní títàn, bóyá ẹ kò pa áàpù Tesla, tàbí bóyá fóònù fúnra rẹ̀ pa á láti tọ́jú bátìrì. Ẹ pa Bluetooth, ẹ tún un tàn. Bí kò bá gbọ́, ẹ pa fóònù, ẹ tún un tàn.

Káàdì kò ní bátìrì. Ẹ fi kan òpó tí ó wà láàrin ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Apamọ́wọ́ ni kí ó máa gbé. Ẹni tí ó bá fi káàdì sílẹ̀ nínú ọkọ̀, bí fóònù rẹ̀ bá kú lóde, ìta ni yóò wà.

6. Bí wọn kò bá mọ ara wọn mọ́

Bí bátìrì kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ tuntun, tí fóòtì 12 pé, tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan bọ́tìnnì tí ọkọ̀ kò dáhùn, ìgbà yìí ni ẹ tó lè pe ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ kọ orúkọ kọ́kọ́rọ́ sínú ọkọ̀ padà. Ẹ kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ní dání, nítorí èyí tí kò bá sí níbẹ̀ lè di pípa rẹ́. Ẹ mú ìwé ọkọ̀ náà dání. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é láìbéèrè ìwé, ẹ ṣọ́ra fún un.

Ẹ tún mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ Yúróòpù sábà máa ń dáhùn lórí ìgbì 433 MHz, ti Amẹ́ríkà lórí 315 MHz. Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀gbọ́n rà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà lè má bá ọkọ̀ tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá mu, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìbejì.

Bí ọmọ bá há sínú ọkọ̀

Èyí kọjá ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Inú ọkọ̀ máa ń gbóná kíákíá, pàápàá lábẹ́ oòrùn. Ní ìlú Ọba, ẹ pe 999; ní Nàìjíríà, 112. Bí ara ọmọ náà kò bá yá, ẹ fọ́ fèrèsé tí ó jìnnà sí i jù. Gíláàsì ṣeé rà.

Fún ẹni tí ó ń ra tòkunbọ̀ àti ẹni tí ó ń tà á

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, kí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan tan ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ Tesla, olówó àtijọ́ gbọ́dọ̀ yọ ọkọ̀ náà kúrò lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó sì ń tà á, kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun: bíbo àléébù ọjà mọ́lẹ̀ fún ẹni tí ń rà á jẹ́ èèwọ̀ nínú ẹ̀sìn wa. Bákan náà ni mẹkáníìkì tí ó mọ̀ pé bátìrì lásán ni, tí ó wá gba owó kọ̀ǹpútà.

Gbígbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun kò ní kí á má wá okùnfà. Ẹ fi bátìrì kọ́kọ́rọ́ kan sílé, sí ibi tí ọmọdé kò lè dé. Ẹ kọ́ gbogbo ẹni tí ń wa ọkọ̀ náà nílé, ìyàwó àti àwọn ọmọ tí ó ti gba ìwé ìwakọ̀, ní ibi tí irin inú kọ́kọ́rọ́ wà.

Ọlọ́hun á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.